Ẹ̀wù Tí Kòkòrò Kò Lè Bọ́

Àlọ́ mi gba ọ̀nà ọ̀fun Ewúrẹ́, ó dé inú ìfun, ó bá Kòkòrò tíńtín kan níbẹ̀. Èèrà mẹ́ta ló ń ru ẹrù nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó lé méjì.

"Ewúrẹ́ ti jẹ oúnjẹ kúnná fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi alárù rẹpẹtẹ ṣe?"

Èèrà tó ṣẹ́kù ń rù ú títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́ ṣẹ́. Ó ń kọrin:

Ta ló rù ú wọlé? Èèrà ni.
Ta ló rù ú jáde? Èèrà náà ni!

Ewúrẹ́ jẹ ewé burúkú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ sì ń gbá Kòkòrò lọ síta. Kòkòrò ké:

"Èèrà, ẹ̀wù dà? Oòrùn ìta á pa mí!"

Èèrà nìkan ru òwú, ó hun ún, ó fi bo Kòkòrò láti orí dé ẹsẹ̀, ó so ó pinpin lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí koríko. Ewúrẹ́ mìíràn jẹ wọ́n mọ́ ọn, wọ́n tún bá ara wọn nínú ìfun.

Kòkòrò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Mo ní ẹnì kan ti tó!"

Èèrà wò ó, wò ó. Ó sọ òṣùká kalẹ̀. "Ó dáa, Ọ̀gá. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín fúnra yín."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹ̀wù bò ó lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ẹ̀yìn láti tú u.

Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀wù há mọ́ èmi náà lọ́rùn.