Sítóòfù Tó Fúyẹ́

Bí ọdẹ àgbà kan ṣe ń múra ìrìnàjò ọdẹ lọ sínú igbó, ó gbé sítóòfù onígi tó ti ń lò láti ọgbọ̀n ọdún kúrò lórí pákó tó fi ń wọ́ ẹrù lórí yìnyín. Ó fi tuntun kan, tó ṣeé fi ọwọ́ kan gbé, rọ́pò rẹ̀.

“Sítóòfù nìyẹn àbí agolo bisikíìtì?” Shanut, ìyàwó rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀, láti orí àga tí wọ́n ń gbé e sí lẹ́nu ọ̀nà láti ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ.

“Ó ń gbóná.”

“Àgọ́ tí mo fọwọ́ ara mi rán wá dà?”

“Ó wúwo.” Ó ká àgọ́ tuntun, tó fẹ́lẹ́ bí ìborùn, sínú àpò. Ó yọ àáké ńlá kúrò, ó yọ ìkòkò kejì, ó sì da ìdajì ìyẹ̀fun padà sínú garawa.

“Bàbá Tuminik, ẹ ti darúgbó o! Gbogbo abúlé Sheshatshiu ló máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ta ló tiẹ̀ máa bá yín to ẹ̀ka igi tútù sílẹ̀ àgọ́? Iṣẹ́ obìnrin nìyẹn. Èyí tí ẹ tò lọ́dún tó kọjá, Tuminik ọmọ wa ní bí ẹni sùn lórí eegun ni.”

Ọdẹ náà tẹ́ awọ àgbọ̀nrín sí àyè tó ṣófo láàárín pákó náà, ó fọwọ́ wọn gígùn rẹ̀, ó wá rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí àga wá sórí awọ náà.

“O wúwo ju sítóòfù àtijọ́ lọ,” ó ní. “Di okùn pákó yẹn mú.”