Ohùn Ará Ilé

Òjò ń lu òrùlé ṣọ́ọ̀bù oògùn Abọ́sẹ̀dé ní Ìdànrè nígbà tí Bàbá Akínṣẹ̀yẹ wọlé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti yà síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Oògùn oorun ló wá gbà. Òfin ò sì gbà kí ẹ̀rọ orí káńtà ṣí àpótí irú oògùn bẹ́ẹ̀ àfi tó bá gbọ́ ohùn ará ilé ẹni lórí fóònù, kí ẹni tó dá wà má baà gbé e lọ sílé.

Bàbá na fóònù sí ẹ̀rọ. Ohùn ìyàwó rẹ̀ jáde tẹ̀ríntẹ̀rín: "Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi, kú ọyẹ́ o! Èmi àti bàbá ẹ la jọ wà nílé."

Àpótí ṣí. Abọ́sẹ̀dé bojú wo òjò níta. Ta ní ń kí èèyàn kú ọyẹ́ nínú òjò?

Ó ti àpótí náà pa, ó wá jókòó ti Bàbá lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ìgbà wo ni Màmá lọ?"

"Nígbà ọyẹ́. Ìlú wọn la sin ín sí. Mi ò sọ fẹ́nì kankan níbí. Ohùn tó fi kí ọ gbẹ̀yìn lórí fóònù ni mo gbà sílẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ gba ẹ̀mí ara yín ni?"

 Bàbá di fóònù mọ́ àyà. "Má jẹ́ kí àwọn agbófinró pa ohùn ẹ̀ rẹ́, ọmọ mi. Òun nìkan ló ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀."

Abọ́sẹ̀dé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹnikẹ́ni ò ní pa á rẹ́. Èmi náà ò sì ní fi yín sílẹ̀ lónìí. Ẹ tún un gbé sí i, ká jọ gbọ́."

Ohùn náà tún jáde, ó tún kí i.

"Ẹ kú ọyẹ́ o, Màmá," ni Abọ́sẹ̀dé dáhùn. Ìgbà náà ni Bàbá tó bú sẹ́kún.