Abọ́ Ẹ̀wà Méjì

Ní ọdún 1971, àgọ́ àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà ṣì wà lẹ́yìn ìlú Ṣakí. Tíṣà Olúkúnlé gbẹ́ kòtò kan síbẹ̀, ó da ìgbẹ́ màálù àti omi sí i, ó sì fi dúrọ́ọ̀mù dé e. Gáàsì ń gba inú páìpù láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, iná rẹ̀ kì í sì í rú èéfín. Fàtímọ̀ Ìyá Bàṣírù, olórí ìdáná, fẹ́ràn iná náà dọ́ba. Kí iná náà tó dé, inú igbó ni àwọn obìnrin ti ń ṣẹ́gi, àwọn onílẹ̀ sì ti fi àdá ṣá ọ̀kan lápá nítorí igi òrí.

Alfa Mùstàfá, tó ń ṣíwájú ìrun ní àgọ́, kò gbà.

“Nájísì ni ìgbẹ́,” ó ní. “Ta ló máa jẹ oúnjẹ iná ìgbẹ́, tí yóò tún lọ kírun?”

Ó ní kí Àwáwù, ìyàwó òun, máa lọ ṣọ́ wọn ní ilé ìdáná. Ojoojúmọ́ ni Àwáwù ń lọ. Bó bá dé, á ní òun kò tíì rí nǹkan kan. Igi tó tò sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ ga dé fèrèsé, kì í dínkù. Ojú rẹ̀ tó ti ń pọ́n tipẹ́ náà ti mọ́ kedere. Alfa ní àdúrà òun ló gbà.

Ní Jímọ̀ọ̀ kan, Alfa ní kí wọ́n se ẹ̀wà abọ́ méjì wá, ọ̀kan lórí igi, ọ̀kan lórí gáàsì, kí wọ́n má sọ èyí tó jẹ́ ti gáàsì fún òun. Bí òun bá dá ti ìgbẹ́ mọ̀, kí wọ́n dí kòtò náà pa. Ẹ̀rù ba Fàtímọ̀, ṣùgbọ́n ó sè é.

Alfa tọ́ àkọ́kọ́ wò, ó sì tu ú dànù. “Ìgbẹ́ rèé. Ó ń rùn.” Ó fa ìkejì mọ́ra, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì. “Oúnjẹ nìyí. Bó ṣe ń rí nílé mi gan-an nìyí.”

“Alfa, ẹ jọ̀ọ́,” Fàtímọ̀ ní, “èyí tẹ́ ẹ tu dànù yẹn ni ti igi. Èéfín ló kó sí i.”

“Irọ́! O ti pààrọ̀ abọ́, Ìyá Bàṣírù. Ṣé n ò ní mọ oúnjẹ igi lẹ́nu ni?” Ó wo àwọn èrò yíká, kò fọkàn tán ẹnì kankan nínú wọn. “Ẹ pe Àwáwù wá. Bó bá ní irú èyí lòun ń sè fún mi, a jẹ́ pé ti igi ni. Ẹ dí kòtò yẹn lónìí.”

Fàtímọ̀ kò wo ojú Àwáwù. Àwáwù bu ẹ̀wà abọ́ kejì náà sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́.

“Òun ni,” ó ní. “Irú rẹ̀ ni mò ń sè fún yín.”

Àwọn ọkùnrin méjì ti gbé ṣọ́bìrì. Fàtímọ̀ bú sẹ́kún.

Àwáwù kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ foríjì mí, Alfa: láti inú ààwẹ̀ tó kọjá, àti sààrì àti ìṣínu, orí gáàsì Ìyá Bàṣírù ni mo ti ń se gbogbo oúnjẹ yín.”