Kò Dùn Mí Mọ́

"Pallavi, kò dùn mí mọ́ o!"

Bàbá Dattatray ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù ní Nagpur.

Kòrónà fi í sílẹ̀ tán, ni irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu bá wọ inú ojú rẹ̀.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Májèlé ohun tó wọ ojú yín ti pa ẹran ibẹ̀ ni. Ẹran tó ti kú kì í dunni. Bí a ò bá yọ ojú yìí lónìí, yóò wọ ọpọlọ."

"Ẹ jẹ́ n kú jàre!"

Pallavi ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. "Bàbá, ta lẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Bàbá yíjú sí i.

"Bọ́ ìbòmú ẹ, Pallavi. Jẹ́ n rí ẹ dáadáa."

Ó wò ó títí, ó wá ní kí wọ́n máa gbé òun lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti yọ ojú kejì.