Omi Tí Bọ́sẹ̀ Kò Mu

Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ìtàn yìí dé ìparí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lágbede méjì, ẹ ó rò pé ìyá burúkú ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìyá burúkú.

1.

Ní ọdún 1978, Màmá Beatrice Ògúnjìnmí kúrò ní Iléṣà, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Olúgbóyèga, ní Festac Town. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Olúgbóyèga, ilé tuntun tí ìjọba pín fún un ni wọ́n ń gbé. Rosaline, ìyàwó rẹ̀, náà ń lọ sí ọ́fíìsì, nítorí náà ọwọ́ Màmá ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, Bọ́sẹ̀, ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Bí ó bá jí tí kò rí Màmá, gbogbo ilé ni yóò gbọ́.

Màmá tọ́ ọmọ tirẹ̀ yè, ó bá àwọn ará ilé tọ́ tiwọn. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbà á nímọ̀ràn lórí ọmọ, á rẹ́rìn-ín: "Ṣé ìgbà tí eyín mi ti ń ká yìí ni kí n wá kọ́ ọmọ títọ́?"

2.

Omi ẹ̀rọ dá ládùúgbò. Gbogbo ènìyàn ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rùwà, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè irú kànga tí wọ́n ti fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Olúgbóyèga ti gbé mọ́tò lọ sí Kàdúná fún iṣẹ́ ìjọba.

Bernice, àbúrò Rosaline, wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Ìwádìí lórí àrùn inú ló ń ṣe ní yunifásítì. Ó fọwọ́ fa awọ ikùn ọmọ náà díẹ̀. Awọ náà kò tètè padà.

"Onígbáméjì nìyí, Àǹtí mi. Omi ni kẹ́ ẹ máa fún un."

"Omi kẹ̀?" ni Màmá wí. "Ẹni tí omi ń dà lára rẹ̀, o tún fẹ́ bu omi sí i? Ìyàwó, má dá a lóhùn. Bí ikùn kò bá rí omi, kí ló máa yà? Bí mo ṣe ṣe fún ọkọ rẹ ní kékeré nìyẹn tó fi gbẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Àwọn yàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń ránṣẹ́ síra wọn: gba omi, tú omi sílẹ̀, ó tó. Oró kòkòrò yìí ti wọnú sẹ́ẹ̀lì ìfun Bọ́sẹ̀, ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n máa tú omi sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ pé ó tó. Bí a kò bá tiẹ̀ fún un ní nǹkan kan, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni omi náà yóò ti máa jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí oró náà kò dí. Bí iyọ̀ àti ṣúgà bá jọ wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn wọlé. Kò tíì pẹ́ tí àwọn onímọ̀ rí i."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ mélòó ni sẹ́ẹ̀lì ti bá ọ bí?"

Rosaline fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

3.

Bernice se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn nínú jọ́ọ̀gì. Ó tọ́ ọ wò. "Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Màmá, ẹ dákun, ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ mú sùúrù, kẹ́ ẹ tún fún un."

Màmá ní òun ti gbọ́. Rosaline sáré lọ wá takisí ní Mile 2, Bernice lọ pe nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ ní Kuje tó wà nítòsí. Ó ku ìyá àgbà àti ọmọ.

"Ìyá àgbà, omi."

"Dákẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ikùn ẹ ń gbẹ bọ̀."

"Omi."

Ọmọ náà na ọwọ́ sí jọ́ọ̀gì. Ìwọ tí ò ń kà á, má yára dá Màmá lẹ́jọ́. Ó mọ̀ pé bí jọ́ọ̀gì náà bá wà níbẹ̀, àánú yóò ṣe òun, òun yóò sì fún un. Kò sì fẹ́ kí Bernice dé bá a ní kíkún kó di ìjà. Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó da omi náà nù, ó wá gbé ọmọ mọ́ àyà.

Nígbà tí takisí dé, Bọ́sẹ̀ kò béèrè omi mọ́. Wọn kò tíì kọjá Mazamaza tí ọrùn rẹ̀ fi yẹ̀ lórí itan Màmá.

4.

Nígbà tí wọ́n sin ọmọ tán, Rosaline kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣeun. Mo rí jọ́ọ̀gì yẹn, ẹ fún un mu tán. Ẹ sa gbogbo ipá yín."

Màmá fà á dìde, kò sọ pé òun ló da omi náà nù. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń le sí i láti sọ. Bernice pàápàá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ní bóyá òun ló pò ó lódì.

5.

Àrùn náà kò tíì kúrò ládùúgbò. Ẹ̀bùnlọlá, tó ń gbé lókè wọn, sáré wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé Káyọ̀dé ọmọ rẹ̀ dání, ojú ọmọ náà ti jìn.

"Sístà Rosaline, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ní àbúrò yín mọ omi kan tí wọ́n ń pò."

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ni Rosaline wí. "Bọ́sẹ̀ mu odidi jọ́ọ̀gì kan. Ibi tó wà lónìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Fi ikùn ọmọ sílẹ̀ kó gbẹ."

Ẹ̀bùnlọlá yí padà, ó fẹ́ jáde. Orí àga ni Màmá wà. Bó bá sọ̀rọ̀, ilé ọmọ rẹ̀ lè tú. Bó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ló ń lọ yẹn.

"Bọ́sẹ̀ kò mu ún," ni ó wí. "Ó bẹ̀ mí títí. Èmi ni mo dà á nù. Ẹ̀bùn, fún ọmọ rẹ lómi."

Bernice, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ìsìnkú, ló po omi náà. Ṣíbí lé ṣíbí, Káyọ̀dé dé ọsibítù láàyè, ó sì yè.

Rosaline kò pariwo, kò bú Màmá. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Màmá mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí Olúgbóyèga ń mú ìyá rẹ̀ padà sí Iléṣà, Rosaline ló ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan, dáadáa. Ọ̀já tí Màmá fi ń pọn Bọ́sẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀ tí kò lè fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin òbí àti ìyá àgbà, ẹ gbọ́ o. Òùngbẹ ọmọ, iṣẹ́ tí ara rán ni. Ẹ má ṣe fi omi du ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì fi ọjọ́ orí pa ìmọ̀ tuntun lẹ́nu mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹgà ní í sọ pé ẹgà ń pàtótó.