Ààtàn Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Aláró

Ìyá aláró ń fún aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí wolé-wolé wọ agboolé. Àwọn aládùúgbò ń sáré gbálẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n òun kò mira. Àtàndá ni wolé-wolé náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ olóògbé, tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà.

"Àtàndá mi! Kakí yìí mà yẹ ọ́ o!"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Níbo lẹ ń da eérú aró sí báyìí?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni. Ṣebí o mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ò lè gbé e dé kòtò tí káńsù gbẹ́ lọ́nà Sekona." Ó mú un lọ wò ó, ó ṣebí Àtàndá fẹ́ bá òun wá ẹni tí yóò kó o ni.

Àtàndá wo òkìtì náà, ó fa ìwé yọ. "Ẹ ó wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Ajé, Ìyá. Òfin ti de ààtàn inú ilé."

Ìyá aláró wo ìwé náà, ó wo ojú rẹ̀. "Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ẹnì kankan ò rán mi. Wọ́n ní kí n yan ilé tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo yan ọ̀dọ̀ yín, kí ará ìlú má baà sọ pé mò ń ṣojúsàájú."

Ìyá aláró gba ìwé náà. Ó rọra kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá," ó ní. "Ilé tó kù pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n dá yín dúró."