Ìkọ́kọrẹ́ Ọjọ́ Ọdún

Ẹ fura o, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá wòran ọdún n'Ìjẹ̀bú: ẹ má bi alásè bó ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀rọ ara ògiri ń gbọ́. Alásè tó bá sọ ọ́ tán, ẹ̀rọ á gba ààrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe gba ti Sàfú lésìí nìyẹn.

Ó ti rẹ Ìyá Ọ̀nàyẹmí. Àtàárọ̀ ló ti ń rin ewùrà. Àlejò kan láti Kàlàbá tọ́ ọ wò, ó pariwo.

"Màmá, ó mà dùn o! Kí lẹ fi sí i?"

"Ewùrà, epo, ẹja."

"Irọ́! Ó ku nǹkan kan."

Iná pupa tàn lára ẹ̀rọ. Ìyá Ọ̀nàyẹmí wo àpótí ìjókòó Sàfú tó ṣófo, ó bu òmíràn sí abọ́ àlejò.

"Máa jẹun, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi."